Ọkọ̀ Ọlákìtán Ti Jókòó
Láti ọjọ́ tí Ọlákìtán, aládùúgbò mi ní Fẹ́sítáàkì, ti fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń wá àga fún gbogbo èèyàn. Òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó.

Ó ra àlòkù ẹ̀rọ tí yóò máa gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kúrò nínú omi. Ọkọ̀ onídìí ṣóńṣó ni wọ́n ṣe é fún, tirẹ̀ sì ń léfòó lórí àgbá gbọọrọ méjì. Ó ya igi méjì tí ọkọ̀ ń jókòó lé lórí ẹ̀rọ náà síra kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé àgbá kan. Ó tú u, ó tún tò ó. Ó rẹ èmi tí mò ń wò ó.

Lánàá, ọkọ̀ gòkè, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ọlákìtán tún nawọ́ sí sípánà. Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dádì Bukky, ọkọ̀ ti jókòó. Ẹ̀yin ńkọ́?”