Iṣẹ́ Tó Wà Láàárín Ṣúgà àti Sítáàṣì

Èèrà ti bo aṣọ funfun mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀ níbi tí mo sá a sí, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rà á fún. Obìnrin Ikwerre tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa rí i, ó kígbe pé, "Chai! Ant don baptize your cloth o!" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú àwọn ọmọdé ni lọ́jọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni wọ́n sì ní kí n ka Sáàmù láìwòwé ní Yorùbá, èmi tí wọ́n bí sí Diobu ní Port Harcourt, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi Yorùbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rò ó pé bí aṣọ mi bá dúró gbagidi, ọkàn mi náà á dúró. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi sí ara mi. Títí dòní mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo gbá aṣọ náà mọ́ra, mo sáré lọ sọ́dọ̀ bàbá alágbàfọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀; Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń rùn fún èédú, ọṣẹ, àti omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan díẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń jẹ́ kó silẹ̀ di sítáàṣì tó fi ń mú aṣọ le.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá."

Ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó lá ìka rẹ̀. "Ìyá Kékeré, ta ló sọ aṣọ di súwíìtì?"

Mo ń sunkún, mo ń ṣàlàyé. Tíṣà wa ló sọ pé ewé ẹ̀gẹ́ ń fi oòrùn ṣe ṣúgà, pé ṣúgà yẹn ló ń sọ̀ kalẹ̀ lọ di sítáàṣì nínú gbòǹgbò. Ni mo bá yọ́ ṣúgà ìyá mi sínú omi, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ó kọ́kọ́ le dáadáa. Àfi bí ọ̀rinrin Port Harcourt ṣe dé, tí aṣọ náà rọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Tíṣà yín ò parọ́. Iṣẹ́ tó wà láàárín ni kò sọ fún ọ."

Ó rẹ aṣọ náà sómi kí ṣúgà ara rẹ̀ lè yọ́ kúrò. Ó bu ṣúgà sínú ife omi kan, ó bu sítáàṣì sínú ìkejì. Ṣúgà pòórá. Sítáàṣì rọra sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

"O rí i? Ṣúgà ò lè gbélé. Bómi bá ti pè é, ó ti tẹ̀ lé e nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ ò lè fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú ilẹ̀ olómi yìí. Ó ní láti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kó tó lè jókòó. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń ṣe é, ìwọ fẹ́ ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ kan!"

Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó da omi híhó sórí sítáàṣì, ó rò ó títí ó fi ki, ó ri aṣọ bọ̀ ọ́, ó fún un, ó sì gbé irin eléèédú lé e. Ooru rẹ̀ ń sọ ṣàà, ó ń ta sí wa lójú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ mi dúró. Èmi ṣi Sáàmù kà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kà á parí. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù ni Bàbá, Mùsùlùmí tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ní yunifásítì ni mo tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa: nínú àwọn yàrá kéékèèké inú gbòǹgbò, ẹ̀gẹ́ ń so ṣúgà mọ́ ṣúgà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí á fi di hóró tí omi tútù ò lè yọ́. Nígbà tí ìbéèrè lórí rẹ̀ jáde nínú ìdánwò, mo rẹ́rìn-ín débi pé olùṣọ́ wá wo abẹ́ tábìlì mi.

Mo ṣì máa ń bẹ̀rù púpọ̀, pàápàá nísinsìnyí tí mo ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá yẹn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi: àṣìṣe ṣeé fọ̀, ó ṣeé lọ̀, èèyàn sì lè wọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.