Bí Líìgì Bọ́ọ̀lù Ṣe Wá Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Wa ní Ìjù

Kí n má purọ́, torí ìrẹsì ni mo ṣe lọ. Ọkùnrin kan ló gbé gbohùngbohùn yí àdúgbò wa ká ní Ìjù, tó ń pariwo pé àjọ aláàánú líìgì bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní Sátidé, kí gbogbo obìnrin tó ti lé lógójì ọdún wá sí pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí olóṣèlú bá ṣàánú, ìrẹsì ni. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣàánú, ìrẹsì ni. Kí ló tún kù tí líìgì fẹ́ fi ṣàánú? Mo ká àpò méjì sínú àpò kan, mo lọ kan ilẹ̀kùn Àlàájà.

Àlàájà ni aládùúgbò mi. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní Sángo, ara rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju ara lọ. Èmi ní tèmi, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti Ìkirè dé. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di ẹrù ni mo wà.

"Ṣé wọ́n máa fi òróró sí i?" Àlàájà bi mí lọ́nà. "Bí kò bá sí òróró, mi ò ní tò sórí ìlà."

A dé pápá, kò sí ìrẹsì, kò sí òróró. Nọ́ọ̀sì kan, ọ̀dọ́bìnrin, ló jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù há abíyá. Agbábọ́ọ̀lù líìgì ni ọkùnrin yìí kí orúnkún tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kóòṣì la wá ń pè é.

Àlàájà wo bọ́ọ̀lù, ó wò mí. "Ṣé èyí la máa sè?"

Mo fẹ́ yí padà, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti so nǹkan mọ́ mi lápá. Ẹ̀rọ náà wú, ó mí, ó dákẹ́. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mọ́mì, ta ló gbé yín wá síbí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá."

"Orí kì í fọ́ yín?"

"Ta ni orí kì í fọ́? Ṣé o ti dé iléeṣẹ́ wa rí? Pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀, òkúta gan-an, orí á máa fọ́ ọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ lẹ́tà fún mi, ó ní kí n má yà sílé, ilé ìwòsàn ìjọba ni kí n gbà lọ. Inú bí mi gan-an. Mo wá gba ìrẹsì, wọ́n fún mi ní àìsàn!

Dókítà tó yẹ̀ mí wò sọ fún mi pé ọmọ tó rán mi wá yẹn gba ẹ̀mí mi là, pé àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni apá kan ara mi ì bá rọ. Ó fún mi lóògùn. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún díẹ̀. Ojú tì mí pé mo ti fi gbogbo ọ̀nà bú nọ́ọ̀sì yẹn nínú.

Lọ́sẹ̀ kẹta, dókítà ní mo lè máa lọ gbá bọ́ọ̀lù tí Kóòṣì ń kọ́ àwọn obìnrin ní pápá yẹn, torí àrìngbá ni. Ẹnikẹ́ni kì í sáré níbẹ̀. Bí o bá sáré pẹ́nrẹ́n, Kóòṣì á fọn fèrè. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Líìgì Òyìnbó nìkan ló máa ń wò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé bí rìmóòtù bá já bọ́, o máa pe ọmọ láti yàrá kejì kó wá bá ọ mú un?"

Mo lọ. Obìnrin mẹ́rìnlá ni wá. Àlàájà ni aṣọ́lé, torí bó bá ti dúró sójú ilé, bọ́ọ̀lù ò fẹ́ẹ̀ ráyè gbà mọ́. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó wá bá a, abẹ́ híjáàbù rẹ̀ ló wọ̀, a wá a tì. Kóòṣì ní kò bófin mu. Àlàájà ní kó fi ibi tí ìwé òfin ti dárúkọ híjáàbù han òun. Kóòṣì rò ó, ó fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, àwọn ọ̀gá àjọ náà wá kí wa. Wọ́n ta kánópì, wọ́n na bánà tó fẹ̀ ju ojú ilé gólì lọ, àwọn ayàwòrán ń sáré kiri. Ọ̀gá pátápátá wọ kóòtù àti táì nínú oòrùn Ìjù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Òyìnbó, Kóòṣì ń túmọ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ geere títí Kóòṣì fi túmọ̀ rẹ̀ pé líìgì ti ṣíjú àánú wo àwọn obìnrin aláìní wọ̀nyí tí kò nírètí kankan.

Àlàájà dìde. "Ẹ dúró ná. Ta ni kò nírètí? Èmi tí mo ní ilé méjì ní Ìjokò?"

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. "Mo ti jókòó," ó ní, "àmọ́ ẹ yọ mí kúrò nínú àwọn aláìní."

Kí ara lè tu èèyàn, ayàwòrán kan dábàá pé kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀gá, kí wọ́n fi ya fọ́tò. Ọ̀gá yọ apá kan nínú kóòtù, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ẹ̀rọ wú, ó mí, ó dákẹ́. Mo mọ ojú tí nọ́ọ̀sì ṣe yẹn. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó wá tẹ̀ síwájú sọ̀rọ̀ sí i létí. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ọ̀gá, àmọ́ kò sí lójú rẹ̀ mọ́. Mo na ọrùn, mo rí nọ́ńbà náà. Ó ju tèmi lọ.

Mo rò pé Àlàájà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti ń wá bí mo ṣe máa fa ìró rẹ̀. Àmọ́ ńṣe ló lọ bá ọkùnrin náà, ó rọra bọ́ apá kóòtù tó kù fún un bí ẹni ń bọ́ aṣọ fún ọmọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ẹ ò tíì kú. Ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń wò yìí, òkú ló fẹ́ẹ̀ jẹ́ nígbà tó débí. Ẹ wò ó, ó ti tún ń jẹun."

"Láti ọdún tó kọjá lorí ti ń fọ́ mi, Ìyá," ọ̀gá dáhùn. Yorùbá tó já gaara ni o, ẹni tí Kóòṣì ti ń làágùn túmọ̀ fún látàárọ̀! "Mo rò pé iṣẹ́ ni."

"Èmi rò pé ariwo ẹ̀rọ ni," mo ní.

Wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni ò rántí parí ọ̀rọ̀ ìkíni. A jẹ ìpápánu wa, a sì jẹ tàwọn àlejò.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó wá lọ́jọ́ Sátidé, òun nìkan, kò sí kámẹ́rà. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Ó ní dókítà ní kóun máa rìn, ṣé òun lè bá wa gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá, kò sì sí ọjọ́ tí Kóòṣì ò fọn fèrè sí i pé ó sáré.

Nígbà tí sáà líìgì parí, àjọ náà kó lọ sí Agbára, wọ́n kó nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ àti bánà lọ. Òpó gólì àti bọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. A ò dá bọ́ọ̀lù gbígbá dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ṣì máa ń gòkè nígbà míì, mo sì ń lo oògùn mi.

Sátidé tó kọjá, mo gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Àlàájà wà lórí fóònù lójú ilé, ó ń bá oníbàárà kan jà. Mo sáré lọ sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ní wọn ò fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ò gbà.