Ìtàn Ẹ̀fẹ̀ Tí Mo Kà Bí Àlọ́

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí ni ẹ̀rín tí wọ́n rín mi ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Largo, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1990. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, mò ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní Bowie nítòsí ibẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ìwé tí kò lè yé mi. Tíṣà wa, ìyá àgbà òyìnbó kan, fún wa ní ìtàn kúkúrú kan láti kà. Nínú ìlú inú ìtàn náà, funfun ni gbogbo ilẹ̀kùn. Opó kan wá kun tirẹ̀ ní pupa. Àwọn ará ìlú ṣèpàdé lé e lórí, wọ́n gbàdúrà fún un, wọn ò sì kí i mọ́ títí ó fi kó lọ.

Àlọ́ ni wọ́n fi tọ́ èmi dàgbà. Nínú àlọ́, aláìgbọràn ní ń jìyà. Mo bá nawọ́ sókè, mo ní, "Ìtàn yìí kọ́ wa pé ká máa gbọ́ràn sí àwọn àgbà ìlú lẹ́nu." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni òǹkọ̀wé yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mò ń tún ìtàn náà kà nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi rí i pé àwọn tó ń gbàdúrà gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Ṣebí Amẹ́ríkà ni wọ́n ní oníkálukú ti ń ṣe bó ṣe wù ú? Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àdúgbò wa dáadáa. Koríko iwájú gbogbo ilé ga dọ́gba. Nígbà tí àǹtí mi sá ìró méjì sórí okùn lẹ́yìnkùlé, aládùúgbò wa gbé kéèkì wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní a kì í sá aṣọ síta ládùúgbò yìí. Kíá ni àǹtí mi ká aṣọ wọlé. Ó ní, "Ṣé o rí i, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni."

Nígbà tí tíṣà ní kí àwa náà kọ ìtàn ẹ̀fẹ̀ nípa ibi tí à ń gbé, ọ̀rọ̀ okùn aṣọ ni mo kọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fi obìnrin kan kún un, tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wé gèlè fún ọmọbìnrin tí kò borí, tó sì ń dá ẹni tó bá wọ ṣòkòtò padà sílé. Àǹtí mi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó gbọ́ tí mò ń dá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kà á sétí òun. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni mo wà, mi ò sì ní ẹlòmíì ní gbogbo Maryland.

Mo kà á. Ó fi aládùúgbò oníkéèkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo kà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó nu omi ojú náà kúrò.

"Èmi nìyẹn, àbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n o ò kọ ìdí ẹ̀. Níbi iṣẹ́, they're watching me. Ní street yìí, they're watching me. Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù tí èmi náà ti lè máa wo ẹlòmíì."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìtàn náà bó ṣe sọ ọ́. Tíṣà ní ibẹ̀ ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Bowie náà ni mo kọ́lé sí, mo sì ti ka ìtàn ẹ̀fẹ̀ tó pọ̀ láti ìgbà náà. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin mi sọ̀ kalẹ̀ wá láti òkè, ó ti pa irun rẹ̀ láró bí ewé tútù, ó ní, "Mummy, do you like it?" Kí n tó dá a lóhùn, mo kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé, bóyá ẹnikẹ́ni ń wò wá.