Ọkùnrin Tí Kò Tú Ẹrù Rẹ̀

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ibẹ̀ ní Sátidé yẹn. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Sátidé tó yẹ kí n fi na ẹsẹ̀, mo tún ń wọ ọkọ̀ trotro láti Ashanti New Town lọ sí Adum, mo ń gun àtẹ̀gùn ilé rédíò kan tí fáànù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rí lójú mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún àwa Yorùbá Kumasi lọ́sẹ̀. Èmi ni mò ń ka ìkéde òkú, ìkéde ìsọmọlórúkọ àti ìkéde ẹni tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń wá, kí n tó wá fi ìtàn kádìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn gbé mi dé ìdí iṣẹ́ náà. Mo kàn jẹ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá ni.

Ìtàn yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń fi sọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí dé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ọmọ Ashanti tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí mò ń sọ, na ìka méjì sí mi. "Anti, simma mmienu pɛ." Ìṣẹ́jú méjì péré.

Inú bí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló lè fi ìṣẹ́jú méjì sọ ọ̀rọ̀ àwa tí bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí wọ́n bí wa sí Kumasi, tí wọ́n ń pè ní àjèjì níhìn-ín, tí wọ́n sì ń pè ní ará Ghana tí a bá délé? Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Òun ni mo fi tu ara mi nínú. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Mo gé orúkọ ènìyàn, mo gé orúkọ ọjà, mo gé ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ wa. Mo tiẹ̀ gé "Ààlọ́ o" tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí "Ààlọ̀" tí ọmọkùnrin ìdí ẹ̀rọ máa ń bá mi gbè pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù nìyí:

"Ọkùnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò tú ẹrù rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí ìjọba Ghana ti ní kí àwọn àjèjì máa lọ, tí ọkọ̀ akẹ́rù já a sílẹ̀, ni àpótí páànù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, ó kọ́lé. Tí wọ́n bá ní kó gbé àpótí wọlé, á ní, 'Tí mo bá délé, màá gbé e wọlé.'"

Ó tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn lílé yẹn, pẹ̀lú ọkọ̀, ibodè àti eruku rẹ̀, omi kò sì dé ojú mi rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo dúpẹ́ pé ìpolówó àgbo ló kàn.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù dún. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ilé rédíò ló ti gba nọ́ńbà mi.

"Anti, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ lórí rédíò lánàá? Hájíà wa, ìyá tó bí ìyá mi, ní àwọn ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Wọ́n ní ẹ ti bá àwọn rí ẹ̀gbọ́n àwọn."

Mo ní nọ́ńbà ló ṣì. Kò ṣì í. Ẹ̀gbọ́n Hájíà wà lára àwọn tí wọ́n lé lọ nígbà náà, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Hájíà gbọ́ tí mo ka orúkọ àwọn tí ẹbí ń wá, wọ́n sì gbọ́ tí mo fi ohùn kan náà, láìmí, sọ pé ọkùnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àlọ́ tí kò ní "Ààlọ́ o", kí ni ká pè é bí kì í bá ṣe ìròyìn? Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ìyẹn. Èmi tíṣà ni kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹsẹ̀ wọn wú, Anti. Mọ́sáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọn ò lè rìn dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ júwe ilé náà fún wa. Tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ wá sọ fún wọn. Àwa ò lè sọ ọ́."

Kí n má parọ́, ó wù mí kí n pa fóònù, kí n sùn. Mo tún bàtà wọ̀, mo lọ sí ilé wọn ní Moshie Zongo.

Mo bá Hájíà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti lé tìróò, báàgì wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni pé ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Wọ́n di ọwọ́ mi mú kí n tó kúnlẹ̀ tán.

"Tíṣà, Alláhù á san án fún ẹ. Ṣé ó ṣì ga? Àbí ó ti tẹ̀?"

Irọ́ ì bá rọrùn. Ó ti dé orí ahọ́n mi.

"Ẹ má bínú, Hájíà. Kò sí ọkùnrin náà. Èmi ni mo rò ó. Ìtàn ni."

"Ampa?" wọ́n ní. "Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà. Ẹ dárí jì mí."

Wọn kò sunkún, wọn kò sì bú mi. Mo rò pé wọ́n máa bú mi, ì bá sì tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn tó wú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ènìyàn, ara ìyá Hájíà kò yá, àwọn méjèèjì sì sá pamọ́ sílé ará Ashanti kan. Ẹ̀gbọ́n ní òun máa padà wá kó wọn kí ààwẹ̀ tó dé. Ààwẹ̀ dé, ó lọ. Ìyá kò jẹun mọ́.

"Èmi nìkan ló mọ̀wé kà nílé. Mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo jókòó síwájú ìyá mi, mo ń kà á bíi lẹ́tà. 'Ìyá mi, ara mi le. Òjò ti ń rọ̀ níbí. Mò ń bọ̀.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá gùn, màá ṣìsọ. Wallahi, ìyá mi jẹ túwó lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, tí ààwẹ̀ bá ti ń bọ̀, màá tún ka òmíràn."

Mo bi wọ́n bóyá ìyá gbà á gbọ́.

"Tẹ́lẹ̀, èmi rò pé ó gbà á gbọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó pè mí. Ó ní, 'Tí o bá tún ń kọ lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ, fi sí i pé ó ti jẹun.'"

Ọmọ-ọmọ wọn tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò gbọ́ ọ rí. Hájíà ní kó lọ sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé àwọn kò lọ mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi.

"Ọkùnrin tìẹ yẹn, ṣé ó ń jẹun?"

N kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Mo ní, "Ó ń jẹun, Hájíà. Ó ń jẹun dáadáa."

"Fi sí i," wọ́n ní.