Ọjọ́ Tí Mo Di Orí Dàda Mú

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ísáàlì, oògùn apakòkòrò, òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan nílé ìwé wa ní Mile One ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Nọ́ọ̀sì ń yẹ orí àwọn ọmọ wò nítorí làpálàpá.

Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbé bàbá wa láti Ìwó wá sí Port Harcourt. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, àbúrò mi jẹ́ márùn-ún. Dàda ni, irun rẹ̀ ta kókó láti ọ̀run wá, òòyà kò sì gbọdọ̀ kàn án. Màmá nìkan ló ń fọ̀ ọ́. Ní Dìsẹ́ńbà la máa gbé e lọ bá ìyá àgbà ní Ìwó, kí wọ́n se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n tó fá a bí wọ́n ti ń fá a nílé wa, kí wọ́n sì tọ́jú irun náà. Màmá a máa yí òwe padà láti fi bá mi ṣeré: "Dàda ò lè jà, ó ní ẹ̀gbọ́n tó gbójú." Orí mi a wú.

Obìnrin Ikwerre tó láàánú ni nọ́ọ̀sì wa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Nígbà tó kan Dàda, tó fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí ní kíláàsì. "Na so una mama dey leave am? Nobody dey comb am?"

Àwọn ọmọ tó tò sẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ké "Ngbati!", bí wọ́n ṣe ń fi àwa Yorùbá ṣẹ̀sín níbẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, Pijin sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ojú ló tì mí.

"I no know, Ma."

Ó mí kanlẹ̀. "Sorry, my pikin," ló wí fún Dàda, ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó ní kí n di orí rẹ̀ mú, mo sì dì í mú títí ó fi gé irun náà tán. Dàda kò sunkún. Ojú mi ló ń wò.

Nígbà tí a délé, Màmá rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Irun náà ńkọ́?" Mo sáré padà sílé ìwé, wọ́n ti dáná sun pàǹtí pẹ̀lú irun náà. Nígbà tí mo dé, ó tún bi mí: "Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Ibà dá Dàda dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mi ò lè sọ pé irun ló fà á, ṣùgbọ́n Màmá gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lọ sí Ìwó, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Dàda kò bá wa gbé mọ́.

Èmi náà ti di nọ́ọ̀sì ilé ìwé báyìí, ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt kan náà. Kí n tó fọwọ́ kan ọmọ kankan, mo ti béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn, mo ti pe ìyá rẹ̀. Ọ̀gá mi ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí Ìwó, mo ní kí Dàda jẹ́ kí n bá a di irun. Ó rọra yí orí kúrò lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má ṣèyọnu. Mo ti gbójú báyìí, ṣùgbọ́n Dàda ti dàgbà láìsí mi.