Òfin Báàjì

Mo rántí ìgbà tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko pa ilé iṣẹ́ kan lẹ́nu mọ́, láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ní Ibafo ni, níbi tí a ti ń rọ omi sínú ọ̀rá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní píọ́ wọ́tà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bíi máníjà ni, mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì ní sàtífíkéètì méjì àti bàtà kan tó máa ń dún kò-kò-kò. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ náà fún mi ní oṣù mẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá gbèrú, mo di máníjà pátápátá. Bí kò bá gbèrú, kí n padà sí Akute lọ máa ṣe akọ̀wé tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Màmá mi sì ti ṣe ìdúpẹ́ iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gba ìdúpẹ́ padà.

Ariwo ni mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Bàbá Ìbejì níhìn-ín, Ìyá Olóbì lọ́hùn-ún, Àǹtí, Bùrọ̀dá, ká ṣáà máa pe ara ẹni láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n sì ti kọ́ mi níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan l'Ékòó pé níbi iṣẹ́ gidi, orúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn, kò sí ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kó omi sínú àpò ju màmá mi lọ lọ́jọ́ orí. Bó bá ti ní “ẹ káàárọ̀ ma,” orókún mi á fẹ́ kanlẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì gbà pé máníjà tó bá kúnlẹ̀ ti tán nìyẹn. Mo bá ṣe báàjì fún gbogbo wọn, mo lẹ ìwé mọ́ ògiri pé láti òní lọ, orúkọ ara báàjì nìkan la ó máa pe ara wa. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò wo ilé kankan.

Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Wọ́n ní “yẹs ma,” wọ́n so báàjì mọ́ àyà. Àmọ́ ọmọdé ò lè la ẹnu pe àgbà lórúkọ, ìwé ara ògiri sì ti ní wọn ò gbọdọ̀ pe nǹkan mìíràn. Wọ́n bá yáa dákẹ́. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé ètò ti wọlé.

Ẹ̀rọ méjì la ní. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀rá bá ń jò, ẹni tó bá rí i á kígbe pe ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, onítọ̀hún á sì pa á lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn òfin mi, ọmọbìnrin kan rí i tó ń jò, ó ní “Ó ń jò!” Àwọn méjèèjì tó wà nídìí ẹ̀rọ wo ara wọn, oníkálùkù rò pé ti ẹnì kejì ni. Ọmọbìnrin náà dìde, ó rìn yí ẹ̀rọ po, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ìbejì tó wà nídìí èyí tó ń jò, ó wúkọ́, ó wá nawọ́ sí ibi tó ti ń jò. Omi ti dé kókósẹ̀ nígbà yẹn. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ lójoojúmọ́, tí ọ̀gá fi pè mí lórí fóònù pé kí ló dé tí omi ń dín kù. Mo ní ara wọn ò tíì mọlé ni. Ó ní oṣù kan péré ló kù fún mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ tó wá kó ọjà ń fẹ̀yìn rìn wọlé. Ìyá àgbà kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń to àpò omi, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kó gbọ́. Gbogbo wọn rí i, ẹnu gbogbo wọn sì là sílẹ̀ láìsí ohùn. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo mọ orúkọ tó wà lára báàjì rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo la ẹnu, orúkọ náà kọ̀, kò jáde.

Mo kígbe pé, “Màmá! Ẹ kúrò níbẹ̀!”

Ó yà. Ọkọ̀ gbá àpò omi tó wà níwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ bẹ́. Ìyá àgbà wo ọkọ̀, ó wo omi tó ń ṣàn, ó wá wo èmi.

Ó ní, “Madam, orúkọ ara báàjì mi kọ́ lẹ pè yẹn.”

Mi ò mọ̀ bóyá omi ló yọ̀ mí ni tàbí ẹ̀kọ́ ilé, mo ṣáà bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ibẹ̀ la wà tí ẹnì kan fi kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ pa á o, ó ń jò!” Bàbá Ìbejì sì pa á.

Mo ya ìwé náà kúrò lára ògiri lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà ò dá báàjì tirẹ̀ padà, ó ní pín-ìnnì rẹ̀ dára fún gèlè. Ó ní òun náà ò lè máa pe ọ̀gá òun lórúkọ, ó bá ń pè mí ní Alábáàjì, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń fún ọmọ ọkọ lórúkọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo wọn ti gbà á. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá wá wò wá, ó fi ọwọ́ di etí, ó béèrè pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń pariwo ni. Mo ní báyìí ni. Ó wo àpò omi tó ti pọ̀ sí i nílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa pariwo wọn lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ìyá àgbà ti fẹ̀yìn tì, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ágbàdo. Bó bá pè mí lórí fóònù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, “Alábáàjì, ṣé ẹ ò jò?” Orúkọ mi gan-an ṣì wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan dé ẹnu géètì, ó fi orúkọ yẹn béèrè mi. Mo gbọ́ láti ojú fèrèsé tí bàbá tó ń ṣọ́ géètì dá a lóhùn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Inú mi dùn. Mo jẹ́ kó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó jáde sí i.