Aṣọ Funfun Tí Mo Fi Di Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Mi

Bí òórùn òrí tó ń yọ́ bá ta sí mi nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní ilé wa ní Ẹ̀jìgbò ni mo máa ń rántí.

Àtìgbà tí ìyá mi ti dé láti Abidján ni iṣan ọrùn ti ń fà wọ́n títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n lo oògùn ọsibítù, kò ṣiṣẹ́. Ìyá kan ní Masifà fi òrí ra á títí, kò lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò lè la ẹnu mu ẹ̀kọ pàápàá. Mo bá fi òrí pa wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́, mo yan iyọ̀ títí tó fi gbóná, mo dì í sínú àkísà, mo gbé e lé ibi tó ń dùn wọ́n. Ó ń já bọ́ ṣáá. Ni mo bá mú aṣọ funfun, mo gba abẹ́ àgbọ̀n wọn so ó sókè orí. Ìyá mi mí kanlẹ̀.

Bí ìyá bàbá mi ṣe wọlé, kẹ́túlù àlùwàlá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n já aṣọ náà.

"Òkú là ń dì báyìí! Ọmọ yìí, kí ni ìyá ẹ ṣe fún ẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀," ni ìyá mi ń bẹ̀ wọ́n. "Ó ń tù mí."

Wọn ò gbà. Iyọ̀ dà sílẹ̀. Mi ò tíì rí òkú rí, ẹkún ìyá mi nìkan ló yé mi.

Nígbà tí mo tún so aṣọ funfun mọ́ wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, mo ti dàgbà, kò sì sẹ́ni tó ní kí n tú u.